Ọ̀rọ̀ Baba-ńlá Lẹ́nu Ọmọ-ọmọ: Àyẹ̀wò Ìwé Ben Sira àti Àwọn Ewé Rẹ̀ ní New York

Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìwé tí àwa olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń kà, ọwọ́ ògbufọ̀ ni a ti gbà á. Wòlíì sọ̀rọ̀ ní èdè Hébérù, Àpọ́sítélì kọ̀wé ní èdè Gíríìkì, ṣùgbọ́n láti ọdún 1884 tí Bíbélì ti jáde lódindi ní èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ wọn bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni wọ́n dúró sí. A gbà pé ohun tí ògbufọ̀ wí ni ọ̀gá rẹ̀ wí. Ìgbàgbọ́ yìí dára, nítorí pé láìsí i a kò lè kàwé rárá; ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ mọ ibi tí agbára ògbufọ̀ pin sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ìwé kan tí ògbufọ̀ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé iṣẹ́ náà ṣòro. Ó tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti sọnù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, jáde padà kí a lè gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Ben Sira nìyí. Díẹ̀ nínú àwọn ewé tí ó mú kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe wà nínú ilé ìkàwé Jewish Theological Seminary, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn Rábì ní ìlú New York. Àwọn ìwé olówó iyebíye wà níbẹ̀ tí a fi wúrà àti àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ewé tí a ń sọ yìí kò ní irú rẹ̀ lára. Wọ́n ti gbó, etí wọn ti jẹ, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè gbá wọn dànù. Èrò wa nínú ìwé kúkúrú yìí ni pé iye tí irú ewé bẹ́ẹ̀ ní kò sí ní ara rẹ̀, bí kò ṣe nínú ẹjọ́ tí ó lè bá wa dá láàárín ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ mọ ìwé náà. Ní nǹkan bí ọdún 180 kí a tó bí Kristi, olùkọ́ kan wà ní Jerúsálẹ́mù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jésù, láti ìdílé Sira. Ó kọ ìwé ọgbọ́n kan ní èdè Hébérù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò jìnnà sí irú ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa fi ń tọ́ ọmọ: bí a ti í dán ọ̀rẹ́ wò kí a tó finú hàn án, bí a ti í jókòó nídìí oúnjẹ ní ilé ọlọ́lá láìhùwà ọ̀kánjúwà, bí ó ti yẹ kí a bu ọlá fún oníṣègùn kí àìsàn tó dé, àti bí ahọ́n ti í pa olówó rẹ̀. Ní ìparí ìwé náà, ó pe àwọn tí kò kàwé pé kí wọ́n wá sí ilé-ẹ̀kọ́ òun. Nítorí náà olùkọ́ ni ó kọ ọ́, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọ Kátólíìkì kà á mọ́ Ìwé Mímọ́. Ìjọ Áńgílíkà fi í sí ara Apokirifa, tí a lè kà fún ẹ̀kọ́ ìwà. Àwọn Júù kò fi í sínú Ìwé Mímọ́ tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Rábì ìgbàanì a máa mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ.

Ọmọ-ọmọ olùkọ́ yìí lọ sí Íjíbítì ní ọdún 132 kí a tó bí Kristi. Ó bá àwọn Júù níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ èdè Gíríìkì, ó sì túmọ̀ ìwé baba-ńlá rẹ̀ sí èdè náà nítorí wọn. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Nínú rẹ̀ ni ó ti bẹ òǹkàwé pé kí wọ́n fi sùúrù kà á, kí wọ́n sì dárí jì í níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá ti péye. Nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Hébérù kì í ní agbára kan náà nígbà tí a bá gbé e lọ sí èdè mìíràn, kódà Òfin àti àwọn Wòlíì kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ̀ bí ìrẹ̀lẹ̀ ni ó ń ṣe tàbí òtítọ́ ni ó ń sọ. Ìwé Hébérù náà ti pòórá. Jerome sọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin pé òun ti rí i. Saadia, olórí àwọn ọ̀mọ̀wé Júù ní Bábílónì ní ọ̀rúndún kẹwàá, mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì ku ìtumọ̀ Gíríìkì, ti Látìnì àti ti Síríà.

Bí ó ti jáde padà nìyí. Ó jẹ́ àṣà àwọn Júù pé ìwé tí a bá kọ orúkọ Ọlọ́run sí, bí ó ti wù kí ó gbó tó, a kì í fi iná sun ún, a kì í sì í jù ú sí ààtàn. A ó kó o sí yàrá kan tí wọ́n ń pè ní gẹníìsà, títí a ó fi sin ín sínú ilẹ̀ bí òkú ènìyàn. Ní Fustat, èyí tí í ṣe Káírò àtijọ́, yàrá irú èyí wà lókè lára ògiri sínágọ́gù Ben Ezra. Àkàbà ni a fi ń gun ibẹ̀, ihò kan ni a sì ń gbà sọ ìwé sínú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò tilẹ̀ ya ìwé mímọ́ sọ́tọ̀ mọ́. Wọ́n ń sọ lẹ́tà òwò síbẹ̀, ìwé àdéhùn ìgbéyàwó, ìwé gbèsè, àti ìwé tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ábídí. Ọ̀rúndún mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí òkìtì náà. Àwọn àgbà wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà àwọn Júù Káírò ni ó wá di ọrọ̀ gbogbo ayé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Elkan Nathan Adler, amòfin kan láti London, gba àyè láti wọ yàrá náà, ó sì kó ewé díẹ̀ jáde. Ní ọdún kan náà, àwọn ìbejì obìnrin méjì láti Scotland, Agnes Lewis àti Margaret Gibson, ra àwọn ewé kan ní ìrìn-àjò wọn sí ìlà-oòrùn, wọ́n sì gbé wọn fún Solomon Schechter, olùkọ́ ní Cambridge. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, Schechter rí i pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé Ben Sira ní èdè Hébérù. Kí ọdún náà tó parí ó ti dé Káírò. Ohun tí ó kó bọ̀ wá sí Cambridge lé ní 190,000 ègé ìwé. Ní ọdún 1902 wọ́n pe Schechter sí New York láti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Rábì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1923, ilé-ẹ̀kọ́ náà ra àkójọ ìwé Adler, tí ó ní nǹkan bí 4,000 ìwé àfọwọ́kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ewé Ben Sira ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Adler ti tẹ díẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ní ọdún 1900. Ṣùgbọ́n ewé mìíràn wà láàárín ẹrù kan náà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, àfi ìgbà tí Joseph Marcus kà á, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1931. Títí di òní, ìwé àfọwọ́kọ mẹ́fà tí ó ti ya ni a ti kó jọ láti inú gẹníìsà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi lẹ́tà A títí dé F pè wọ́n, ewé tí Marcus rí ni wọ́n sì ń pè ní E.

Nísinsin yìí, kí a gbé ọmọ-ọmọ náà wá síwájú baba-ńlá rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní tí a lè fi kàn án ni pé ìwé rẹ̀ kò tò. Nínú gbogbo ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tí ó wà, bí a bá ń ka orí 30, ọ̀rọ̀ a ṣàdédé já, a ó sì bá ara wa ní àárín orí 33; a ó lọ títí dé orí 36, kí a tó padà wá bá ìyókù orí 30. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ọkàn ògbufọ̀ kò dúró sójú kan. Ewé E tí ó wà ní New York bẹ̀rẹ̀ láti orí 32, ó sì ń lọ tààrà dé ìbẹ̀rẹ̀ orí 34. Ibi tí okùn Gíríìkì ti já, ní àárín orí 33, ewé yìí kọjá níbẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lójú ọ̀nà tí ó mọ̀. Ìtumọ̀ Látìnì àti ti Síríà ti ń jẹ́rìí sí ètò kan náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àjèjì ni àwọn wọ̀nyẹn. Ọmọ onílé ni èyí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yé wa: ní ìgbà kan, nínú ìwé Gíríìkì kan tí gbogbo ìyókù ti ṣẹ̀, ìdì ewé méjì pààrọ̀ àyè, bí ìgbà tí okùn ìwé ọmọ ilé-ìwé bá já tí ó sì fi ìkánjú rán an. Adàwékọ tí ó tẹ̀lé e kọ ohun tí ó rí. Nítorí náà ẹ̀sùn yìí kò kan ògbufọ̀ rárá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ìwé: kí ó tó bá olówó ọ̀rọ̀ jà, kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ó di ìwé náà.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù ú lọ. Ní orí 6, ìtumọ̀ Gíríìkì sọ nípa ọgbọ́n pé bí orúkọ rẹ̀ ti rí ni òun náà rí, àti pé kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òǹkàwé a dúró, a bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó wà nínú orúkọ ọgbọ́n tí ó fi hàn pé ó fara sin? Kò sí ìdáhùn nínú èdè Gíríìkì. Ìwé Hébérù ni ó dáhùn. Kì í ṣe “ọgbọ́n” ni Ben Sira kọ níbẹ̀, “musar” ni ó kọ, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìbáwí. Lẹ́tà kan náà ni a sì lè kà sí ohun tí a mú kúrò, tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà olùkọ́ àgbà ń fi ọ̀rọ̀ dárà: ìbáwí ń jẹ́ orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé ó jìnnà síni, ó sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lóòótọ́. Ẹni tí ń sọ Yorùbá mọ irú eré báyìí. Bí olùkọ́ kan bá wí fún ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ pé kí ó wá ọgbọ́n kí ó tó wá ọgbọ̀n, ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rántí rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Nítorí pé bí a kò bá fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ojú kò lè mọ èyí tí í ṣe òye nínú wọn àti èyí tí í ṣe iye. Gbé e lọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín á kú, ẹ̀kọ́ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a kú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ọmọ-ọmọ Ben Sira. A kò lè dá a lẹ́bi pé eré náà kú lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí bí ó ti lè ṣe é. Ẹ̀bi tí a rí ni pé ó fi ọ̀rọ̀ nípa orúkọ sílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti yí orúkọ náà padà, bí ẹni tí ó gbé ìdérí ìkòkò wá láìgbé ìkòkò.

Ẹ̀kẹta ni ti orí 44, èyí tí a mọ̀ jù nínú ìwé náà, nítorí pé a máa ń kà á ní ọjọ́ ìrántí àwọn olùdásílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibẹ̀ ni Ben Sira ti bẹ̀rẹ̀ sí yin àwọn baba, láti Énọ́kù títí dé ìgbà tirẹ̀. Nínú Gíríìkì, àti nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn ológo, àwọn olókìkí, ni a pè wá láti yìn. Ìwé Hébérù kò sọ̀rọ̀ òkìkí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lò ni “hesed”: àánú tí kì í yẹ̀, ìṣòótọ́ ẹni tí ó dá májẹ̀mú tí ó sì pa á mọ́. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó fún olùkọ́ tí ó dúró níwájú ọmọdé. Bí òkìkí bá ni ìwọ̀n, ọmọ yóò bèèrè pé ta ni ayé mọ̀. Bí àánú àti ìṣòótọ́ bá ni ìwọ̀n, yóò bèèrè pé ta ni ó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Kí a má sì gbàgbé pé nínú orí kan náà ni Ben Sira ti mẹ́nu kan àwọn tí wọ́n kú tí ẹnikẹ́ni kò rántí wọn mọ́, tí ó sì ní iṣẹ́ òdodo wọn kò parun. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ibẹ̀ ṣòroó bá ìbẹ̀rẹ̀ mu, nítorí báwo ni olókìkí ṣe di ẹni ìgbàgbé? Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Hébérù, ohun gbogbo dọ́gba. Èyí ni ibi tí a rò pé ọmọ-ọmọ náà pàdánù jù lọ, nítorí pé kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ ni ó sọnù níbí bí kò ṣe èrò baba-ńlá rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí pé a kò lè pè é ní àìmọ̀. Orí 50 jẹ́ oríkì Símónì, Olórí Àlùfáà, bí ó ti ń jáde láti inú Tẹ́ḿpìlì nínú aṣọ ògo rẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, Ben Sira súre nínú ìwé Hébérù pé kí àánú Ọlọ́run dúró ti Símónì, kí májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá Fíníhásì dá nítorí oyè àlùfáà má ṣe kúrò lórí rẹ̀ àti lórí irú-ọmọ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀run bá wà. Nínú ìtumọ̀ Gíríìkì, orúkọ Símónì kò sí níbẹ̀, ti Fíníhásì kò sí, irú-ọmọ kò sí. “Àwa” ni a tọrọ àánú fún, ní àkókò tiwa. Kí ni ó fà á? Ìtàn ni. Ní ọdún 175 wọ́n mú Óníà, ọmọ Símónì, kúrò lórí oyè. Nígbà tí ó sì di ọdún 152, oyè náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìdílé mìíràn. Nígbà tí ọmọ-ọmọ náà jókòó láti túmọ̀, ìre tí baba-ńlá rẹ̀ sú kò ṣẹ. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wà, ẹni tí ó bá kà á ní Íjíbítì lè sọ pé ọlọ́gbọ́n náà gbàdúrà asán, tàbí kí ó bí ìjà láàárín àwọn tí ń du oyè.

A lè gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ràn baba-ńlá rẹ̀ kì í fẹ́ kí a fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀ràn ìwé wò ó, kò ṣe dáadáa. Ìre tí kò ṣẹ jẹ́ ẹ̀rí pé Ben Sira gbé ní ìgbà kan, pé ó ní ìrètí bí ènìyàn gbogbo, pé kò mọ ọ̀la. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú ìrètí náà kúrò, ó fi àdúrà tí ó bá gbogbo ìgbà mu rọ́pò rẹ̀, kò sì sọ fún wa. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó ti tọrọ àforíjì fún àìpé èdè, kò sí gbólóhùn kan nípa èyí. Ògbufọ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ lò yẹ ní ìdáríjì. Èyí tí ó rí ọ̀rọ̀ tí ó sì pa á mọ́, ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ẹnìkan lè wá bi wá léèrè pé: báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwọn ewé Hébérù náà kì í ṣe irọ́? Ìbéèrè rere ni, ọ̀mọ̀wé ńlá sì ni ó kọ́kọ́ bi í. Ní ọdún 1899, D. S. Margoliouth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, sọ pé àwọn ìwé tí Schechter ń yọ̀ lé lórí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ben Sira fúnra rẹ̀, pé ẹnìkan ni ó ti inú àwọn ìtumọ̀ tún un túmọ̀ padà sí Hébérù lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn ewé náà kò lè gba ara wọn sílẹ̀, nítorí pé kò sí èyí tí ó dàgbà ju ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá ọdún lọ. Iyàn náà fà gùn títí di ọdún 1964, nígbà tí Yigael Yadin àti àwọn tí ń bá a walẹ̀ ní Masada, ibi odi tí àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun lẹ́bàá Òkun Òkú, rí àwọn ègé awọ kan. Ìwé Ben Sira ni, láti orí 39 dé orí 44, ní èdè Hébérù. Ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ti kọ ọ́. Níbi tí ó ti pàdé ìwé gẹníìsà tí a ń pè ní B, ọ̀rọ̀ wọn bára mu nínú ohun tí ó ṣe pàtàkì, “hesed” sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orí 44 níbẹ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi Margoliouth ṣe yẹ̀yẹ́. Ní orí 51, orin kan wà tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó fi lẹ́tà ábídí Hébérù bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Orin Dáfídì 119 ti ṣe. Gíríìkì kò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé B pàápàá, ètò náà ti dàrú, ó sì hàn gbangba pé ẹnìkan ti gbìyànjú láti fi ìtumọ̀ Síríà dí ibi tí ó ti ya. Apá kan orin náà, tí ètò ábídí rẹ̀ ṣì dúró, wà nínú ìwé Orin tí a rí ní ihò àpáta Kumrani ní ọdún 1956. Ohun tí Margoliouth sọ nípa gbogbo ìwé náà kì í ṣe òtítọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ òtítọ́ nípa àwọn ibì kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a kò ti gba ọmọ-ọmọ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gba ewé kan gbọ́ kìkì nítorí pé ó jẹ́ Hébérù.

Kí wá ni ìdájọ́? A ti rí ibi tí ògbufọ̀ ti ṣubú. Ó tọ́ kí a rí ibi tí ó dúró sí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwé Hébérù ni ó ti padà wá. Ìyókù ṣì wà lẹ́nu àwọn ògbufọ̀ nìkan. Orí 24, níbi tí Ọgbọ́n ti dìde tí ó yin ara rẹ̀, tí ó sì fi ara rẹ̀ wé igi kédárì ti Lẹ́bánónì, kò sí ewé Hébérù kan tí ó ní i. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ-ọmọ yìí àti àwọn tí wọ́n dà á kọ, ó ṣeé ṣe kí a má mọ̀ pé ẹnìkan kọ ọ́ rí. Àwọn tí wọ́n sọ èdè baba-ńlá gan-an ni ìwé náà sọnù lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n gbà á ní èdè àjèjì ni wọ́n pa á mọ́ lódindi. A kò gbọdọ̀ sọ ọ̀kan nínú òtítọ́ méjì yìí kí a fi èkejì sílẹ̀. Ìtumọ̀ ni ó gba ìwé náà là, ìtumọ̀ kan náà ni ó sì fi ohun kan pamọ́ fún wa.

Èyí ni ó mú wa padà sí ilé ìkàwé ní New York. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1966, iná jó ilé gogoro tí wọ́n kó ìwé wọn sí; nǹkan bí 70,000 ìwé ni ó run, omi tí a fi pa iná sì rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn. Àwọn ènìyàn rọ́ wá láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń fi bébà tí ń fa omi sí àárín ojú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná náà kò dé ibi tí àwọn ìwé àfọwọ́kọ wà. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí a tẹ̀ ni a lè wá irú rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n bí ewé E bá jóná, kò sí ọjà tí a lè lọ. Ó yẹ kí a yin àwọn olùtọ́jú ìwé náà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí ó dun ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ràn ìwé: láti ọdún 1896 tí Adler ti wọ gẹníìsà títí di ìgbà tí Marcus ka ewé náà, ó wà nínú àkójọ tí a mọ̀, lábẹ́ òrùlé tí kò jò, ní ọwọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀, ó sì sọnù bí ìgbà tí ó wà nínú òkìtì ní Káírò. Títọ́jú nìkan kò tó. Ẹni tí ó kà á ni ó rí i.

Àwa olùkọ́ kò ní irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ní kọ́ Hébérù láéláé. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà ní ìkáwọ́ wa. Èkínní ni pé kí a kọ́ ọmọ láti máa béèrè lọ́wọ́ ìwé tí a túmọ̀ pé kí ni ó wà ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ bá dúró bí ìdérí tí kò ní ìkòkò. Èkejì ni pé nígbà tí a bá gba ìtàn, oríkì tàbí òwe sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kan, tí a tún un ṣe, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde, kí a má ṣe sun ìwé tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Bí a bá yọ ohun kan kúrò nítorí ìtìjú tàbí nítorí àlàáfíà, kí a kọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé a yọ ọ́. Ọmọ-ọmọ Ben Sira ṣe iṣẹ́ ribiribi, ó sì kù díẹ̀ kí ó jẹ́ olóòótọ́ pátápátá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kù fún un láti kọ.